Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Lọ Oògùn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, bí aláìsàn kò bá lè gbé oògùn oníhóró mì, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ni pé kí ó fi ṣíbí méjì lọ̀ ọ́, kí ó sì dà á sínú ẹ̀kọ mímu. Ìfẹ́ ni ó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ oògùn tàbí kí ó ṣí kápúsù láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ apòògùn tàbí dókítà.

Ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá bàbá mi, láti ìgbà náà ni oúnjẹ líle ti ń há wọn lọ́fun. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń pè ní nifedipine, irú èyí tí a ṣe kí ó lè máa tú díẹ̀díẹ̀ sínú ara títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a lọ̀ ọ́ kúnná fún wọn. Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ wọn, tí wọ́n sì dákú. Oògùn ọjọ́ kan gbáko ni a dà sí wọn lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, a pààrọ̀ oògùn náà sí òmíràn tí a lè tú sínú omi. Ìbéèrè kan péré ni ìbá ti gbà wá.

Ìdí pàtàkì wà tí a fi ṣe oògùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí. Àwọn kan ní èèpo tí ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ omi kíkan inú ikùn. Hóró wínníwínní ni ó wà nínú kápúsù omeprazole. Apòògùn lè ní kí a dà wọ́n sórí oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ wọn, oògùn náà bàjẹ́ nìyẹn. Ní ti oògùn jẹjẹrẹ, eruku rẹ̀ lè pa ẹni tí ń lọ̀ ọ́ lára, pàápàá aboyún.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ṣé kí aláìsàn má lo oògùn mọ́ ni?” Rárá o. Ọ̀pọ̀ oògùn ni ó ní irú tí ó jẹ́ olómi. Láti ọdún 2009 ni oògùn ibà artemether-lumefantrine tí ń tú sínú omi ti wà fún àwọn ọmọdé. Bí apòògùn bá sì ní kí a lọ oògùn, kí ohun èlò wa mọ́, kí a lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fún aláìsàn lójú ẹsẹ̀, ní ìjókòó. Oúnjẹ ṣíbí kan tó. Nítorí bí a bá dà á sínú odindi abọ́ ẹ̀kọ, tí aláìsàn sì mu ìdajì, ìdajì oògùn ni ó ṣẹ́kù sílẹ̀. Kí a má sì fi mílíìkì po tetracycline tàbí ciprofloxacin, nítorí kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ara dáadáa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni a sábà máa ń pè láti ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn fún àwọn àgbà. Bí ẹ bá rí i pé ìyá àgbà ń tọ́jú oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí nítorí pé kò ṣeé gbé mì fún wọn, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ sọ fún dókítà, nítorí àìlègbémì fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àmì àrùn mìíràn. Abèèrè kì í ṣìnà.