Opó Náínì kò bẹ Jésù, Jésù ló rí i

Bí Àjíǹde bá ti dé, káàkiri Odòde, Aládé àti Atòsìn, àwọn ìlú tí wọ́n para pọ̀ jẹ́ Ìdànrè, ọ̀rọ̀ òkú tó jí ni wọ́n máa ń fi ṣe ìwàásù. Lásárù ni wọ́n sábà máa ń mú, nítorí ọjọ́ mẹ́rin tó lò nínú ibojì dùn-ún sọ, ó sì dùn-ún gbọ́. Ìjọ á pariwo "Halelúyà!", ìlù á sọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n òkú kan wà tó yẹ kí ará Ìdànrè fara balẹ̀ wò ju Lásárù lọ. Ọmọ opó Náínì ni, ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé Lúùkù, orí keje.

Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ̀lú bọ̀, ni wọ́n bá pàdé òkú lẹ́nu ibodè. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí ni, opó sì ni ìyá náà. Màtá àti Màríà ránṣẹ́ pe Jésù nítorí Lásárù. Jáírù wólẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Obìnrin yìí ní tiẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Kò bẹ̀bẹ̀, kò gbààwẹ̀, kò jẹ́jẹ̀ẹ́ owó. Ẹkún ló ń sun. Jésù rí i, àánú rẹ̀ ṣe é, ó ní kó má sunkún mọ́, ó sì lọ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi gbé òkú, bẹ́ẹ̀ òfin àwọn Júù ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú di aláìmọ́ fún ọjọ́ 7. Ọmọ dìde jókòó, ó ń sọ̀rọ̀. Lúùkù wá fi kún un pé Jésù fa ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láyé ìgbà náà, ọkọ ló ń bọ́ obìnrin. Bí ọkọ bá kú, ọmọkùnrin ló kàn. Obìnrin tí kò ní méjèèjì, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Òkú kan làwọn ará Náínì rò pé àwọn ń gbé lọ, wọn ò mọ̀ pé oúnjẹ ìyá náà wà nínú ẹrù ọ̀hún. Èlíjà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sáréfátì: ọmọ opó ló jí, ìyá ló sì gbé e fún.

Ṣé ó wá yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé èyí fún ará Ìdànrè tó ń jẹun lára kòkó? Ìyàwó ń bá ọkọ ṣán oko, ó ń bá a fọ́ kòkó, òun ló ń sá a lóòrùn, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ kú báyìí, ẹbí dé: "Ìyàwó wa, o kú ìrọ́jú o. Ṣùgbọ́n oko yẹn, ti ẹbí ni." Kóòtù pàápàá ti gbè sẹ́yìn wọn rí. Lọ́dún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà sọ pé nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ó di ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Anekwe àti Nweke tó wá láti Awka, kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó bẹnu àtẹ́ lu àṣà tó ń lé opó kúrò nílé ọkọ nítorí pé kò bí ọkùnrin. Àṣà ilẹ̀ Ìgbò nìyẹn o, ṣùgbọ́n omijé opó kì í sọ èdè ọ̀tọ̀.

Iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n ń polówó ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2019, Pásítọ̀ Alph Lukau ní Johannesburg "jí" ọkùnrin kan dìde nínú pósí, fídíò rẹ̀ sì kárí ayé. Àwọn ilé iṣẹ́ ìsìnkú ní wọ́n tan àwọn jẹ, ìjọ náà sì padà ní ọkùnrin náà ti wà láàyè kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Nílé Jáírù, ńṣe ni Jésù lé àwọn èrò síta. Ó ní kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fún ọmọ náà lóúnjẹ. Oúnjẹ kẹ̀! Ta ló tún rántí pé ebi á ti máa pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?

Èyí ò ní kí wọ́n má gbàdúrà o. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ìtàn ìjọ CAC sọ pé òkú ọmọ kan jí nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà l'Ókè-Ooyè, Iléṣà, lọ́dún 1930, èrò sì rọ́ wọ̀lú. Ẹni tó gbà á gbọ́, kó máa gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí òkú ò bá jí, tó sì jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù kì í jí, iṣẹ́ Náínì ò tíì tán. Ìpàdé ẹbí lórí oko kòkó kì í pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Bàbá ìjọ, ìyá ìjọ, ta ni yóò bá opó lọ jókòó níbẹ̀?