Ọkọ̀ Méjì, Owó Kan



Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tọ̀ wá wá fún ìmọ̀ràn. Ó fẹ́ fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ọkọ̀ pákó àlòkù, tí yóò máa fi dẹ ìwọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ máa ta ẹja. Ìgbádùn òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti rí méjì létí odò. Gígùn wọn dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà 24. Owó wọn náà dọ́gba. Èwo ni kí òun mú?

A kò dá a lóhùn lórí ìjókòó. A bá a lọ, a sì bẹ apẹja Kàkàndá kan kó tẹ̀ lé wa. Ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, tí kò bi ọmọ odò léèrè, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ọ̀kan ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà. Ti èkejì ti bó, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ bí ọpọ́n. Ojú bàbá wa kò kúrò lára èyí tó ń dán.

Apẹja náà kò wo ọ̀dà rárá. Ó ń fi ìka kan pákó láti imú dé ìdí, ó ń fetí sílẹ̀. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ ibi tí pákó ti pàdé pákó, àti pákó ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, nítorí ibẹ̀ ni jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì ti ń ba ọkọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọkọ̀ méjèèjì sùn sórí omi. Ẹni tó ni ọkọ̀ dídán kọ́kọ́ kọ̀, ó ní oníbàárà mìíràn ń bọ̀. Ẹ sàmì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi wà nínú méjèèjì. Pákó tó ti gbẹ a máa jò kó tó wú, nítorí náà a gbọ́n omi dànù, a tún fi wọ́n sílẹ̀ ní alẹ́ kejì. Ọkọ̀ tó ti bó gbẹ. Omi inú èyí tó ń dán dé ọrùn ẹsẹ̀; pákó jíjẹrà ni wọ́n fi ọ̀dà bò.

Òótọ́ ni pé èyí tó dára náà wúwo, ó sì ń mu epo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dẹ ìwọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sáré, ìdí fífẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ yí bí ọmọdé bá dìde nítorí ẹja.

Ẹ gba ìwé owó tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, kí ẹ má baà ra ẹrù olè. Àjọ NIWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi ní olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú wa níhìn-ín. Ẹ bi wọ́n léèrè òfin. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí odò bá ń kún, ẹ jókòó sílé. Ẹ rántí 2012 àti 2022.

Ìyá ilé bàbá wa, tó ti ní ọmọ-ọmọ òun kankan kò ní wọ ọkọ̀, jókòó sínú rẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ẹja àrọ̀ mẹ́ta ni wọ́n pa. Ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wa, a sì dúpẹ́.