Òdòdó Tí Ń Rùn Bí Òkú Ẹran

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, òwe yìí ṣẹ mọ́ wa lára ní ilẹ̀ Haúsá tí a ti ń kàwé yìí.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, òórùn búburú kan gba ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa kan. A wá òkú eku títí, a kò rí i. Ìgbà tí a dé ibi àpáta ni a bá ohun tó ń rùn: irúgbìn kan tí a ti ń tẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí. Kò léwé. Ẹ̀ka rẹ̀ nípọn, ó ní igun mẹ́rin, bí a bá sì ṣẹ́ ẹ, omi ni yóò máa jáde. Lórí rẹ̀ ni òdòdó ṣù jọ sí bíi bọ́ọ̀lù, ó pọ́n dúdú bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, eṣinṣin sì bò ó. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn kan nínú wa gbé ọkọ́, wọ́n ní ká hú u dànù.

A ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Òórùn yẹn kì í ṣe àrùn, iṣẹ́ ni. Eṣinṣin ni irúgbìn náà fi ń pè. Eṣinṣin á rò pé òkú ẹran ni, á bà lé e, ìyẹ̀fun tí òdòdó fi ń so èso á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì gbé e dé orí òmíràn. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní gúúsù Áfíríkà, Stapelia gigantea, tí òdòdó kan ṣoṣo rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Eṣinṣin a tilẹ̀ máa yé ẹyin sórí ìyẹn. Ebi ní í pa ìdin tó bá jáde níbẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ orúkọ irúgbìn yìí. Bàbá mẹ́gáàdì ló dá wa lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: karan masallaci. Caralluma dalzielii ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti inú orúkọ J. M. Dalziel. Àlejò ni òun náà nílẹ̀ Haúsá, síbẹ̀ ó tẹ ìwé orúkọ ewéko ní èdè Haúsá jáde ní 1916.

Àwa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé kan. Ewéko tí a bá bá pàdé, ká kọ orúkọ Haúsá rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá sì lọ sílé fún ìsinmi, ká béèrè ti Yorùbá lọ́wọ́ àwọn eléwé ọmọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀ ná.