Ta Ni Yóò Ṣọ́ Wọn Lóru?

Ní Àjàó Estate tí à ń gbé, kò sí ọmọdé tí kò mọ ìró bàálù. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Seven and Eight lè máa ka bàálù bí ẹni ń ka dáńfó. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà bá ti ilé-ìwé dé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí Dubai tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn náà kì í ya ọmọ lẹ́nu. Ó ti ń fò lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní jẹ́léósinmi. Òbí tí yóò sanwó ló kù.

Mo ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta nílé mi. Wọ́n máa ń ṣàlàyé dáadáa. Owó físà wà níbẹ̀, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, oúnjẹ tí wọn yóò jẹ wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń rán òbí létí pé kí ọmọ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání nítorí ọjọ́ tí wọn yóò lọ síbi yìnyín. Ohun tí n kò rí nínú ọ̀kankan nínú wọn ni iye àgbàlagbà tí yóò tẹ̀lé àwọn ọmọ náà, orúkọ wọn, àti ẹni tí yóò wà lójúfò nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ilé-ìwé tí kò bá lè kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ọmọ ẹnikẹ́ni gun bàálù. Ìjà tí mo bá wá nìyẹn.

Ẹni tí kò dé Dubai rí lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni yìnyín ń wá ní aṣálẹ̀. Láti ọdún 2005 ni Ski Dubai ti wà nínú ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ń pè ní Mall of the Emirates. Ilé ni, ó ní òrùlé. Ẹ̀rọ ló ń ṣe yìnyín inú rẹ̀, ó sì fẹ̀ tó 22,500 mítà onígun mẹ́rin. Níta, oòrùn ń jó ni lára. Nínú, òtútù rẹ̀ ju ti ibi tí omi ti ń dì lọ. Wọn á wọ ẹ̀wù òtútù fún ọmọ, wọn á wọ bàtà líle tí kò ní jẹ́ kó rìn bó ṣe ń rìn fún un, wọn á de pátákó gígùn méjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn á ní kó máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè. Ọmọ Èkó tí kò mọ òtútù kankan ju ti ọyẹ́ lọ! N kò sọ pé kò dára. Ó dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ti lè ṣubú, tí ìka rẹ̀ lè kú tipiri, tí gbogbo ọmọ sì wọ irú ẹ̀wù kan náà débi pé èèyàn kò lè dá tirẹ̀ mọ̀, ibẹ̀ gba ojú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Olùkọ́ tó ń rí yìnyín fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó nílé, ojú wo ni yóò fi ṣọ́ ọmọ?

Mo mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé èmi ni olùkọ́ náà.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí. Ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí n kò ní dárúkọ, fi mí kún àwọn tí yóò tẹ̀lé àwọn ọmọ lọ sí Dubai. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é: wọ́n ní mo ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún náà, kí n lọ sinmi díẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kí n lọ sinmi. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá; àgbàlagbà mẹ́rin ni wá. Nínú àwa mẹ́rin yìí, ọ̀kan jẹ́ ẹbí ẹni tó ni ilé-ìwé, kò kọ́ ọmọ kankan rí. Ọ̀kan ti gbowó lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti bá wọn ra wúrà bọ̀. Ó ku èmi àti obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò. Èmi náà ní ìwé pélébé kan lápò tí ìyàwó mi kọ nọ́ńbà bàtà àwọn ọmọ wa sí.

Lọ́jọ́ yìnyín, mo ní kí ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan dúró síbi tí wọ́n ti ń dá bàtà padà, kí n lọ wo àwọn yòókù. Mo wò wọ́n. Lẹ́yìn náà mo ya ìsọ̀ bàtà kan. Nígbà tí a ka àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni a rí. A tún wọn kà. Ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò lọ síbì kankan. Ó jókòó síbi tí mo fi í sí, ìbọ̀wọ́ òtútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ ní kí n dúró síbí, sà."

Ọmọ tó gbọ́ràn nìyẹn o. Ká ní aláìgbọràn ni, à bá ti rí ẹni tí a óò dá lẹ́bi.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé Chrisland láti Èkó lọ sí Dubai fún ìdíje World School Games. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, fídíò kan láti ìrìn-àjò náà ti gba orí ẹ̀rọ ayélujára, fídíò tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wò, ká má tilẹ̀ sọ pé kó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. N kò ní fa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà síbí. Ọmọdé ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí àwa àgbà sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń bá jà. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú dáńfó tó ń lọ sí Òṣòdì, lórí WhatsApp àwọn òbí, ohun kan náà ni: ọmọ kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ìyá kò tọ́ ọ dáadáa, fóònù ló bà á jẹ́. Ẹni tó béèrè pé àgbà wo ló wà lójúfò lóru ọjọ́ náà kò pọ̀.

Ẹ̀kọ́ ilé dára, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa kì í torí bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ lẹ́bàá kànga. Nígbà tí a bá fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nígbà ìsinmi, ṣé ìyá àgbà a máa sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti lẹ́kọ̀ọ́, kó sùn síbi tó bá wù ú? Ẹni tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ti di ìyá rẹ̀ tọ̀sán-tòru títí yóò fi dá a padà. Ilé-ìwé tó gba owó wa gba ìyẹn náà mọ́ ọn.

Òru ni kí ẹ jọ̀wọ́ ronú sí. Ní ìrìn-àjò tiwa, a kó àwọn ọmọ sí yàrá ní mẹ́ta mẹ́ta, a sì fún wọn ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Àjà kẹfà ni wọ́n wà. Àjà kẹta ni àwa wà. Ní aago mẹ́wàá a kan ilẹ̀kùn wọn, a ní ó dàárọ̀, a lọ sùn. Òtẹ́ẹ̀lì kún fún àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí, ilẹ̀kùn ṣeé ṣí látinú, fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ tó pọ̀ nínú wọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa sùn.

Àwọn òyìnbó kò gbọ́n jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ wọn ti kú kí wọ́n tó kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1993, ọ̀dọ́ mẹ́rin láti ilé-ìwé kan ní Plymouth kú sínú òkun ní Lyme Bay, níbi tí wọ́n kó wọn lọ láti kọ́ bí a ṣe ń tu ọkọ̀ kékeré. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ṣètò rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, àwọn aṣòfin Bìrìtéènì sì ṣe òfin ní ọdún 1995 pé kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa gba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2016, ọmọ ilé-ìwé méjì láti Lyon àti àlejò kan láti Ukraine kú nígbà tí yìnyín ya bò wọ́n lórí òkè ní Les Deux Alpes. Olùkọ́ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tì pa ni wọ́n gbà. Olùkọ́ lè wà níbẹ̀ kí àbójútó má sí.

Àjọ NSPCC, tó ń dáàbò bo ọmọdé ní Bìrìtéènì, dábàá pé ó kéré tán kí àgbà kan wà fún ọmọ mẹ́jọ tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ọdún 9 sí 12, kí ọ̀kan sì wà fún mẹ́wàá tí wọ́n bá jẹ́ ọdún 13 sí 18. Ẹ fi pín ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tiwa. Àgbà márùn-ún ló yẹ. Mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé. Méjì ni a jẹ́ ní tòótọ́. Lọ́jọ́ yìnyín, bóyá la pé ọ̀kan àbọ̀.

Kì í ṣe pé òfin kò sí lọ́dọ̀ wa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2007, ìjọba sì tún gbé àṣẹ kan jáde ní ọdún 2016 lórí ààbò àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ Dubai dé lọ́dún 2022, ohun tí ìjọba mọ̀ ni pé kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀ka ilé-ìwé náà ní ìpínlẹ̀ Èkó pa ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí i. Ọmọ tí kò dé pápákọ̀ òfuurufú rárá wá di ẹni tó ń jókòó sílé. Ta ni ìyẹn ṣọ́?

Àwọn tó ni ilé-ìwé yóò ní àgbà púpọ̀ yóò mú kí owó wọ́n sí i. Òótọ́ ni. Kí wọ́n yọ ọjọ́ kan kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n fi yìnyín sílẹ̀. Kí wọ́n sì yé fi ààyè olùkọ́ ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dùn nínú; iṣẹ́ ni, kí wọ́n sanwó rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣọ́ òru rí ọ̀sán sùn, kí ẹni tó bá ní ọjà láti rà dúró sí Èkó. Àwọn òbí kan ní kí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kúkú dópin. N kò bá wọn sọ ọ́. Ọmọ olówó yóò máa lọ pẹ̀lú ìyá àti bàbá rẹ̀ bó ti wù kó rí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dá àjọ fún ọdún kan gbáko kó tó lè rí owó rẹ̀ san, òun ni ìfòfindè náà yóò dá dúró.

Ní oṣù tó kọjá, lẹ́tà tún dé nítorí ọmọbìnrin mi. Mo lọ sí ìpàdé òbí, mo dìde, mo béèrè pé ta ni yóò wà lójúfò ní aago méjì òru. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ wọn." Mo ní àmín. Mo ní, lẹ́yìn Ọlọ́run, kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ fún mi, ó kéré tán. Ó ní wọn yóò pè mí.

Wọn kò tíì pè. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí fíríìjì. Bí bàálù bá ti kọjá nírọ̀lẹ́, ọmọ mi á wo fọ́ọ̀mù náà, á wá wo ojú mi.