Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Jáde Wo Iṣẹ́ Ọwọ́ Baba Wọn

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ọmọ wa tí ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà àti ilé kíkọ́ bá mọ òpó àwọn ará Gíríìkì nínú ìwé, tí kò sì mọ òpó ààfin ìlú rẹ̀, a wí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pé.

Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley; àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àga ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, Lọ́ńdọ́nù ni ó sì wà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago.

Èyí tí ó kù nílé ńkọ́? Ilé Ilọ́jọ̀ ti àwọn Àgùdà l'Ékòó, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, a wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, 2016.

Nítorí náà, a ń fẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga máa rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ìwé àwòrán, kí àwọn tí a dìbò fún sì pèsè owó ọkọ̀ wọn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí wọ́n bá dé agbo ilé yín, ẹ má ṣe lé wọn. Ẹ sọ fún wọn bí a ti ń po amọ̀ àti bí a ti ń fi koríko bolé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìran tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀, ilé àlejò ni yóò máa kọ́.