Mẹ́mórì Tí Kì Í Gbàgbé Náà Nílò Ẹlẹ́rìí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì jà ní Grayson níbí, iná sì lọ. Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé Nàìjíríà la wà ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú mi ti rí màbo rí lọ́wọ́ iná tó lọ lójijì.

Àwọn mẹ́mórì kan wà tí iná lè lọ kí ohun inú wọn má parẹ́. Intel gbé irú rẹ̀ kan, Optane, jáde fún sẹ́fà lọ́dún 2019. Kò yá tó RAM, ṣùgbọ́n ó yá ju dísíìkì lọ fíìfíì.

Tí fáìlì bá wà lórí dísíìkì, Linux á kọ́kọ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú RAM kí ápù tó lò ó. Lórí mẹ́mórì tuntun yìí, àdàkọ yẹn kàn ń fi àsìkò ṣòfò ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi DAX sínú ext4 àti XFS lọ́dún 2015: filesystem á ṣílẹ̀kùn, ápù á wọlé tààrà, á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó fẹ́ kọ.

Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ohun tí ápù bá kọ, inú cache CPU ló kọ́kọ́ máa ń wà. Ápù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ kó dé inú mẹ́mórì. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, a mọ èyí, a sì ṣe é. La bá yọ fsync kúrò, torí ó ń fà wá sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí a fa wáyà iná yọ láti dán an wò, òdo la bá níbi tí àkọsílẹ̀ owó yẹ kó wà. Dátà wà nínú mẹ́mórì o! Ohun tí kò sí ni àkọsílẹ̀ filesystem tó máa sọ pé fáìlì wa ló ni ibẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ju owó sínú àpótí alájọ, tí alájọ ò sàmì sí káàdì. Ta ló máa jẹ́rìí?

MAP_SYNC, tó bá Linux 4.15 dé lọ́dún 2018, ló yanjú rẹ̀. Filesystem ò ní jẹ́ kí ápù kọ nǹkan síbẹ̀ títí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ á fi dúró digbí. Èyí tó wù mí jù ni MAP_SHARED_VALIDATE tí wọ́n jọ ń lò. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá béèrè ohun tí mmap ò mọ̀, ṣe ló máa dákẹ́ bíi pé ó ti gbọ́. Ní báyìí, filesystem tí kò bá lè ṣe é á sọ pé òun ò lè ṣe é.

Lọ́dún 2022, Intel kéde pé àwọn ń pa Optane tì. Àwọn kan ní iṣẹ́ DAX ti di àṣedànù. Èmi ò gbà. Mẹ́mórì mìíràn ń bọ̀, ó ń gba orí CXL bọ̀, ìlẹ̀kùn kan náà la sì máa ṣí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ápù tó bá ń kọ owó àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ béèrè MAP_SYNC. Tí wọ́n bá ní kò sí, kó padà sórí fsync, bó ti wù kó falẹ̀ tó. Kẹ́ ẹ sì fa wáyà yọ kẹ́ ẹ tó gbé e fún oníbàárà.

Àwa tí a dàgbà sọ́wọ́ NEPA ló yẹ ká mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: iná kì í dágbére kó tó lọ.