Ta Ló Gba Ọ̀sán Lọ́wọ́ Ọmọ Ajégúnlẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọ́ ni mo gbé wá o, àwọn akéwì wa á ṣe ìyẹn lójú ewé tiwọn. Ìjà ni mo gbé wá. Orí wákàtí kan ṣoṣo ni ìjà ọ̀hún sì dá lé: wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó yẹ kó wà fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé girama, tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ọmọ tálákà.

Boundary ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ààlà ni lóòótọ́. Àpápá wà lápá kan, Ajégúnlẹ̀ wà lápá kejì. Bó o bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ọ̀hún sí ìhín, o lè má tíì jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ tán kó o tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ ń ṣe bí agogo ìkẹyìn bá ti lù. Nílé ìwé olówó gọbọi, ọmọ á lọ wẹ̀ lódò ìwẹ̀, á ta chess, á tẹ dùùrù. Owó rẹ̀ ti wà nínú owó ilé ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọmọ á lọ gbé pure water sórí, tàbí kó tún jókòó ti lẹ́sìnnì.

Nílé ìwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, owó ẹgbẹ́ wà nínú owó táàmù. A san án. Press Club, JETS Club, Literary and Debating Society, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ gbogbo wọn sára ògiri, ó dùn ún wò. Ìpàdé wá ńkọ́? Láàárín ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí ìpàdé JETS, ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò wá ni ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ọjọ́rú tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ẹgbẹ́, koríko la fi ń gé. Mo bi yín, ẹ̀yin ará ibí yìí: owó koríko ni a san ni?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àṣejù ni ẹgbẹ́. Láti 1915 ni Boy Scout ti wà ní Nàìjíríà. JETS tí à ń wí yìí, orúkọ náà ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ nílé ìwé girama Amẹ́ríkà ní 1950. Láyé ìgbà yẹn lọ́hùn-ún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ìwé girama ńlá tí kò ní ẹgbẹ́ ìwé ìròyìn àti ti àríyànjiyàn. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ pàápàá ní tiwọn, Future Farmers of America, láti 1928. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní Boundary tiwọn o. Nígbà tí ilé ìwé adúláwọ̀ yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun ní gúúsù ibẹ̀, New Farmers of America ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ adúláwọ̀ ní 1935, ó di 1965 kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ò rí i báyìí? Bí wọn kò bá fẹ́ kí ẹnì kan bá wọn dọ́gba, wọn kì í gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Kí Lateef Jakande tó di gómìnà Èkó ní 1979, àárọ̀ ni àwọn ọmọ kan ń lọ sílé ìwé, ọ̀sán ni àwọn yòókù ń lọ. Bí àwọn kan ṣe ń jáde ni àwọn kejì ń wọlé. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí àyè ṣèpàdé? Jakande kọ́ kíláàsì rẹpẹtẹ, ó sì fòpin sí ìyẹn. Àwọn kan fi kíláàsì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìẹ ni. Ilé adìẹ tàbí ilé ẹyẹ, ó dá ọ̀sán padà fún ọmọ tálákà. Ìbéèrè mi nìyí: ọ̀sán tí wọ́n dá padà yẹn, ta ló tún gbà á?

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní, wọ́n á ní WAEC kì í béèrè ẹgbẹ́. Irọ́ ni jàre! Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè ní kó o kọ ọ̀rọ̀ tí wàá sọ níbi àríyànjiyàn, tàbí àpilẹ̀kọ fún ìwé ìròyìn ilé ìwé. Ọmọ tí kò dé ibi àríyànjiyàn rí, tí kò rí ìwé ìròyìn ilé ìwé rí, kí ló fẹ́ kọ? Á há “Good day, Mr Chairman, panel of judges” sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò kọ́ ni gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ ní Ìbàdàn nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ta ló rántí máàkì tó gbà lọ́dún yẹn?

Èkejì, àwọn òbí wa á ní ẹgbẹ́ ló ń di ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, ta ló mọ irú èyí tí yóò tẹ̀ lé e káàkiri yunifásítì wa? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ẹgbẹ́ tí mò ń wí ní tíṣà tó ń bójú tó o, ó ní àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó ní akápò tí gbogbo ọmọ lè bi pé owó dà. Ojú ọ̀sán gangan ló ń ṣèpàdé. Ọmọ ń wá ibi tí wọ́n á ti pè é ní ọ̀kan lára wọn. Bá ò bá fún un ní ti ọ̀sán, àwọn kan wà níta tó ń dúró dè é pẹ̀lú ti òru.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, torí àwa ọmọ Ajégúnlẹ̀ fúnra wa là ń sọ ọ́. A máa ń ní: “Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fúnni kò ní sùn. Samson Siasia ńkọ́? Taribo West ńkọ́? Odion Ighalo ńkọ́? Daddy Showkey, ẹgbẹ́ wo ló ṣe?” Ó dáa. Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà. Bọ́ọ̀lù àti orin ni gbogbo wọn. Ẹ ti bi ara yín léèrè ìdí rẹ̀? Bọ́ọ̀lù ò bèèrè ju pápá oníyanrìn bíi Maracana lọ, orin ò bèèrè ju ọ̀fun lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn kẹ́místírì, ibo ni yanrìn tirẹ̀ wà? Ọmọ tó yẹ kó di agbẹjọ́rò, ta ló ń bá a jiyàn? Àwọn yẹn ń fẹ́ yàrá, wọ́n ń fẹ́ tíṣà, wọ́n ń fẹ́ wákàtí kan. Àwọn tó yọ la kà, a ò ka àwọn tó rì.

Ẹ wo Túndé Onakoya. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ló ti kọ́ chess. Ní 2018 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tálákà, ó pè é ní Chess in Slums. Ní oṣù kẹrin 2024, ó jókòó sí Times Square ní New York, ó ta chess fún wákàtí 60 kó lè fi kówó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Inú gbogbo wa dùn, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú ẹ̀ o. Ṣé ó yẹ kí ọmọ tálákà dúró de onígbàjámọ̀ kó tó rí chess, nígbà tí ilé ìwé wà?

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mò ń bèèrè. Kí wákàtí ẹgbẹ́ wà lórí táìmùtébù, kí koríko má sì fọwọ́ kàn án. Kí ilé ìwé tó bá gba owó ẹgbẹ́ lẹ ohun tó fi ṣe mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà búlúù yẹn. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ wa. Lára wa á lọ ṣe teaching practice. Púpọ̀ nínú wa á lọ sin ìjọba, ilé ìwé ni wọ́n á sì jù wá sí. NYSC ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn sùn. Ẹ kó ọmọ ogún jọ, ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Ìwé ìròyìn kò le: ìwé yìí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ fọ́tòkópì la fi ṣe é, pín-ìn-nì pín-ìn-nì mélòó kan ló sì dì í mú.

Ọmọ kì í kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ láìsí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹ lọ gbọ́ wọn.